Ta Ni Lọ́yà Níyì?

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù kẹfà

Ọlọ́pàá ti mú Níyì àbúrò mi. Kọ́ńténà yọ bọ́ lẹ́yìn tírélà tó ń wà láàárọ̀ yìí, nítòsí ẹnu ọ̀nà pọ́ọ̀tù Tin Can, ó sì wó lu ọkùnrin kan tó ń ta ṣájà fóònù lẹ́bàá títì. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà kán. Àwọn tó rí i ní Ọlọ́run ló bá a ṣe é, pé bí kò bá tètè fò ni, òkú rẹ̀ ni wọn ì bá gbé.

Suwaibat ìyàwó Níyì ló pè mí. Ẹkún kò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó ń sọ. Wharf Road ni mo wà, èmi àti oníbàárà kan ń fà á lórí ẹrù rẹ̀, mo kàn fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ni. Nígbà tí mo dé tésàn, àbúrò mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìsí bàtà lẹ́sẹ̀, ọmọkùnrin tí mo pọ̀n dàgbà. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá lọ́yà."

Lọ́yà wo? Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gba ẹrù jáde fún àwọn èèyàn ní pọ́ọ̀tù Àpápá. Mo mọ ẹni tí wọ́n ń rí tó bá jẹ́ mọ́tò, mo mọ ẹni tí wọ́n ń rí tó bá jẹ́ aṣọ. Lọ́yà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni èyí tó kọ ìwé àdéhùn ilé tí à ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, tó gba ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé lórí bébà méjì. Mo pè é. Ó ní ilé àti ilẹ̀ nìkan lòun ń ṣe, òun kì í dé kóòtù.

Lọ́yà tí kì í dé kóòtù! Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ìṣẹ́gun, 17

Láàárọ̀, Ephraim ọkọ mi ní lọ́yà ni lọ́yà, kí n yéé da ara mi láàmú. Mo wá ro ó pé ìdí pọ́ọ̀tù ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, inú ọkọ̀ ojú omi ni kọ́ńténà ti wá, nítorí náà lọ́yà pọ́ọ̀tù ló yẹ ká bá. Mo gòkè lọ bá Barrister Obinna, ẹni tí mo ti ń rí pátákó rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé Wharf Road. Ọ́fíìsì wọn tutù bí ibi tí wọ́n ń kó ẹja sí. Kí n tó jókòó, akọ̀wé ní kí n san ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ náírà, owó ìmọ̀ràn. Mo san án. Nídìí iṣẹ́ tiwa, ẹni tó bá gbowó ló máa gbé ẹrù jáde, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Barrister tẹ́tí sí mi dáadáa, ó ń mi orí. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ó ní ẹjọ́ ọkọ̀ ojú omi lòun ń ṣe, dọ́là ni àwọn tó ni ọkọ̀ fi ń sanwó fún òun, òun ò sì rojọ́ pẹ̀lú ọlọ́pàá rí. Kí n lọ wá lọ́yà tó ń gbèjà àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Mo ní, owó mi ńkọ́? Ó ní ìmọ̀ràn ni mo fi rà, ìmọ̀ràn náà sì nìyẹn. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé agbòjò mi sọ́dọ̀ wọn.

Ọmọbìnrin kan sáré gbé e tẹ̀ lé mi lórí àtẹ̀gùn. Lọ́yà lòun náà, ó ti ń wọ wíìgì. Ó sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà ni wọ́n ń san fún òun lóṣù, ó wá bi mí bóyá à ń gba èèyàn sídìí iṣẹ́ ẹrù gbígbà.

Orí mi dàrú. Mo ròyìn rẹ̀ fún Ephraim. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣebí màlúù kan náà ni. Ṣé owó ṣàkì wá jọ owó ẹran itan ni?" Ẹni tó ní lọ́yà ni lọ́yà láàárọ̀ nìyẹn o.

Ọjọ́bọ̀, 19

Wọ́n gbé Níyì dé kóòtù. Ẹ̀sùn náà ni pé ó wa ọkọ̀ níwàkuwà, ó sì ṣe èèyàn léṣe.

Abẹ́ igi fúrúùtù níta kóòtù ni mo ti rí Linus. Lọ́yà ni, kò ní ọ́fíìsì, gọ́ọ̀nù rẹ̀ ti ṣá di àwọ̀ eérú, ṣùgbọ́n ó ń rìn kiri bí ẹni tó ni ọgbà. "Madam, na your brother dey inside?" Ó ti mọ̀ kí n tó lanu. "Bail na eighty thousand. Each time I stand up for am for court, na thirty." Inú mi dùn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bíi tiwa nìyí: iye rèé, iṣẹ́ rèé. Mo ka ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n fún un.

Ó dìde, ó tẹrí ba fún adájọ́, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀. Adájọ́ ní òun máa gbọ́ ọ̀rọ̀ béèlì ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n máa gbé Níyì lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikiri ná. Linus ní kí n má mikàn, kí n tọ́jú ọgbọ̀n mìíràn de ọjọ́ náà. Ìgbà yẹn ni mo rántí owó tí à ń san tí kọ́ńténà bá ń sùn sí pọ́ọ̀tù: bí ẹrù bá ṣe ń pẹ́ tó ni ẹnì kan ń jẹun tó. Mi ò mọ̀ bóyá Linus ń bá mi lé ẹjọ́ yìí lọ ni, àbí ó ń bá mi sìn ín.

Àìkú, 22

Alàgbà Akínsànyà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn. Ó ní ojú ò ní ti ìjọ wa, pé ọmọ kíláàsì òun kan ti di àgbà lọ́yà, ọ̀kan nínú àwọn SAN tó ń wọ sílíìkì. Ó pè é níbẹ̀, ó gbé ohùn fóònù síta kí gbogbo wa lè gbọ́. Àwọn ìyá ìjọ ti ń ṣe àmín. Ọkùnrin náà kí mi tìfẹ́tìfẹ́, ó bá mi kẹ́dùn, ó ní ṣùgbọ́n òfin kò gba irú òun láyè láti dúró níwájú adájọ́ Májísíréètì. Òun ti ga ju ibẹ̀ lọ.

Alàgbà pa fóònù. Ó rọra sọ sí mi létí pé ó tún sàn bẹ́ẹ̀, torí mílíọ̀nù lọ́nà ogún ni èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Mi ò rí irú èyí rí. Bí lọ́yà bá ṣe ń ga sí i ni ilẹ̀kùn tó lè wọ̀ ń dín kù. Ta ló ṣètò iṣẹ́ yìí? Mo fi ọ̀rọ̀ náà gbàdúrà, àdúrà náà ò sì já geere.

Ìṣẹ́gun, 24

Òjò àná kún ojú ọ̀nà wa dé orúnkún, síbẹ̀ mọ́tò ilé-iṣẹ́ tí Níyì ń wakọ̀ fún já wọ àdúgbò. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ bàtà sọ́wọ́, ó la omi wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Barrister Nneka lórúkọ rẹ̀. Ó ń sọ Yorùbá bí ọmọ Ìbàdàn. Ó ní lọ́yà lòun, òun wá lórí ìjàǹbá náà. Mo béèrè iye. Ó ní, "Rárá o, Mà. Èmi kì í gbowó lọ́wọ́ yín."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Mo gbé málíìtì fún un, mo sọ gbogbo rẹ̀ bí Níyì ṣe sọ ọ́ fún mi: pé ó ti ké sí ọ̀gá wọn pé irin tó ń di kọ́ńténà mọ́ tírélà ti jẹ, pé ọ̀gá náà ní kó máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bi mí bóyá ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n jọ sọ ọ́. Mo ní kò sí, àwọn méjèèjì nìkan ni.

Nígbà tó lọ, mo pe Linus pé kó má wulẹ̀ yọjú mọ́. Kí ni mo fẹ́ fi lọ́yà abẹ́ igi ṣe nígbà tí ilé-iṣẹ́ ti gbé tiwọn wá? Ó ní, "Madam, you sure?" Mo ní ó dá mi lójú.

Ọjọ́bọ̀, 26

Kóòtù ni mo ti ń bọ̀.

Nneka dìde nínú gọ́ọ̀nù tó ń dán, ó ní ilé-iṣẹ́ lòun wá ṣojú fún. Ó ní Níyì kò fìgbà kan sọ fún ẹnikẹ́ni pé nǹkan ń ṣe tírélà, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e jáde láìyẹ̀ ẹ́ wò. Níyì wò mí láti ibi tó dúró sí. Adájọ́ béèrè pé lọ́yà rẹ̀ dà. Èmi Morádéún, láti ẹ̀yìn, mo nàka sí Nneka. Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sẹ́ni tó tọrọ béèlì fún un, ó sún ẹjọ́ sí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀.

Mo lé Nneka bá níta. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ mu málíìtì mi!" Nínú gbogbo ohun tí mo lè sọ, ìyẹn ló jáde. Kò bínú. Ó ní, "Mà, mi ò sọ fún yín pé lọ́yà àbúrò yín ni mí, ẹ ò sì bi mí. Ilé-iṣẹ́ ló ń sanwó oṣù mi. Wọ́n jàre o, wọ́n jẹ̀bi o, tí oṣù bá ti parí, owó á wọlé." Ó dà bí ẹni pé ojú ń tì í díẹ̀, àbí èmi ni mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹtì, 27

Linus kò gbé fóònù mi.

Ọjọ́ Ajé, 30

Èmi àti Suwaibat lọ wo Níyì ní Kirikiri. Ó ti rù, irùngbọ̀n ti bò ó. Kò bá mi jà. Èmi ni mò ń sunkún, òun ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún, èyí sì dùn mí ju kó bú mi lọ. Nígbà tí wọ́n ní àkókò ti tó, ó rọra béèrè pé, "Àǹtí, ta wá ni lọ́yà mi báyìí?"



Ọjọ́rú, 2 oṣù keje

Epo tún ti gbówó lórí, owó ọkọ̀ láti Bọ́ńdárì ní Ajégúnlẹ̀ dé Wharf Road ti di ìlọ́po méjì nítorí òjò. Suwaibat gbọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà Kirikiri pé lọ́yà ìjọba kan wà, Afọlábí, tí kì í gba kọ́bọ̀. Mo ní ṣé kì í ṣe ìjọba ló pe Níyì lẹ́jọ́ ni? Ó ní ìyẹn yàtọ̀. Àṣé lọ́yà ìjọba wà tó ń ti èèyàn mọ́lé, òmíràn wà tó ń tú u sílẹ̀, àpò kan náà ni wọ́n sì ti ń gbowó. Kí ni wọ́n máa ń bá ara wọn sọ tí wọ́n bá pàdé ní báńkì?

Mo ní ọ̀fẹ́ àkọ́kọ́ ló tì wá sí kòtò, mi ò tún ṣe ọ̀fẹ́ mọ́. Ní pọ́ọ̀tù, ẹrù tó bá jáde lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ń bọ̀ wá gbà á padà ni. Suwaibat gbójú sókè: "Àǹtí, ẹ má bínú o. Ẹ sanwó fún Obinna, wetin e do? Ẹ sanwó fún Linus, ẹ tún lé e lọ. Ọkọ mi ló wà nínú ibẹ̀ yẹn, kì í ṣe kọ́ńténà." Ìyàwó ilé ń bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yìí! Mo ní ká lọ, torí òótọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, 3

Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Afọlábí kò ga lójú mi rárá. Gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ti jẹ, bọ́ọ̀sì ló wọ̀ wá sí ọ́fíìsì bíi tiwa. Ó gba ọ̀rọ̀ Níyì sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òun á ṣe é. Kò béèrè nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Nneka fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi pé ẹni tó ń sanwó ló ni lọ́yà. Ọkùnrin yìí kò jẹ nínú owó mi, báwo ló ṣe máa jẹ́ tiwa? Mo bá fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta sínú àpò ìwé, mo tì í sáàárín fáìlì, bí a ṣe ń ṣe nídìí iṣẹ́ wa kí fáìlì lè rìn.

Ó ṣí i lójú gbogbo èèyàn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Mama, kí lèyí?" Mo ní kó fi mu omi ni. Ohùn rẹ̀ ga: "Ẹ gbé e! Tí ẹnì kan bá rí èyí lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ mi bọ́ nìyẹn, béèlì àbúrò yín á sì bá a lọ." Ó pa fáìlì dé, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Suwaibat kọjá lọ wọ bọ́ọ̀sì, kò dúró dè mí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ba tàbúrò mi jẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 7

A padà lọ bẹ Afọlábí. Mo ti ń kúnlẹ̀ nígbà tó ní kí n dìde, kí n má ṣe òun báyìí níbi iṣẹ́. Ó ní òun ti lọ rí Níyì ní Fúráídè.

Mo ní, "Mo rò pé ẹ ti jù wá sílẹ̀ ni."

"Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń ṣojú fún, Mama. Níyì ni. Ẹ bínú sí mi, tiẹ̀ ni mí. Ẹ fún mi ní mílíọ̀nù, tiẹ̀ náà ni mí. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ni mí, ọjọ́ tí ẹ bá bá a jà ńkọ́?"

Mo mi orí bí ẹni tó yé. Kò yé mi tán. Ẹni tí kò san kọ́bọ̀ ló wá ni lọ́yà! Mo kọ ọ́ síbí kí n lè máa kà á. Ó béèrè bóyá mo lè ṣe onídùúró, bóyá mo ní ìwé owó orí ọdún mẹ́ta. Mo ní! Inú mi dùn sí owó orí fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi.

Ọjọ́bọ̀, 10

Adájọ́ gba béèlì. Onídùúró méjì, èmi àti Alàgbà Akínsànyà. Afọlábí kò sọ̀rọ̀ gùn rárá, kò pariwo, mo tiẹ̀ rò pé kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni nígbà tó jókòó. Mo rí Linus lábẹ́ igi rẹ̀. Ó juwọ́ sí mi. Mo juwọ́ padà, ojú tì mí.

Ọjọ́bọ̀, 17

Wọ́n yẹ ìwé wa wò, wọ́n wá wo ilé wa, wọ́n tún yẹ ìwé wò. Lónìí ni Níyì jáde. Suwaibat sáré bá a láìwo ọkọ̀, mo pariwo lé e lórí. Ephraim ti ra ẹran itan sílé, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ṣàkì. Níyì jẹun, ó sùn sórí àga pẹ̀lú ọwọ́ tó ṣì ní ọbẹ̀. Mo jókòó tì í, mò ń wò ó. Ayọ̀ mi kún.

Ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀ o. Afọlábí ní bí ẹni tó farapa kò bá wá jẹ́rìí, ọ̀rọ̀ náà lè kú fúnra rẹ̀. Bó bá wá, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó máa já sí.

Ọjọ́bọ̀, 24

Mo lọ wo ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ní ọsibítù. Ó ti yẹ kí n ti lọ tipẹ́, ẹ̀rù ló ń bà mí. Gafar lórúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ náà kọ́ sókè. Mo ra ọsàn àti búrẹ́dì lọ, mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo ń retí èébú. Ó ní, "Mummy, ẹ jókòó. Ẹ̀gbọ́n dẹ́rẹ́bà kì í ṣe dẹ́rẹ́bà."

Ó fi ìwé kan hàn mí. Ilé-iṣẹ́ tírélà máa fún un ní igba ẹgbẹ̀rún náírà, òun á sì fọwọ́ sí i pé òun ò ní bá wọn rojọ́, òun ò sì ní yọjú sí kóòtù. "Lọ́yà mi ló mú un wá. Ọ̀la ni mo máa fọwọ́ sí i."

"Lọ́yà rẹ?"

"Barrister Nneka. Obìnrin dáadáa. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi."

Mi ò lè parọ́ fún ìwé yìí: ìdùnnú ló kọ́kọ́ bá mi. Bí Gafar bá fọwọ́ sí i, kò ní sí ẹlẹ́rìí, Níyì ti bọ́ nìyẹn. Mi ò ní láti ṣe ohunkóhun ju kí n pa ẹnu mi mọ́. Mo mú ọsàn kan, mo ń bó o. Ó jẹ ẹ́. Ó wá bi mí pé, "Mummy, dókítà ní iṣẹ́ abẹ tó kù á tó mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Ṣé wọ́n á tún fún mi sí i lẹ́yìn èyí?" Ó ń wò mí bí mo ṣe ń wo Nneka lọ́jọ́ málíìtì.

Mo ní, "Gafar, tó bá dé lọ́la, kọ́kọ́ bi í pé ta ló ń sanwó oṣù rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ti jáde kí n tó lè gbé e mì. Ó tẹjú mọ́ mi. Mo wá ṣàlàyé ohun tó ṣe wá, mo ní lọ́yà wà fún irú ẹni bíi tirẹ̀, àwọn tí kì í gbowó àfi tí owó ẹni tó farapa bá ti jáde, wọ́n á sì yọ tiwọn nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn nìyẹn! Suwaibat ló gbọ́ nípa wọn, á bá a wá wọn. Gafar ká ìwé náà, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí.

Láti ọsibítù dé Ajégúnlẹ̀, mò ń bú ara mi. Lọ́yà ta ni èmi náà? Níyì ń jẹun nígbà tí mo wọlé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò jókòó. Suwaibat gbé ọwọ́ lórí.

"Àǹtí," Níyì ní, "ẹ mọ̀ pé tó bá wá sí kóòtù, ẹ̀wọ̀n lè dé."

"Mo mọ̀."

Níyì na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó ń wò wọ́n.

"Ẹsẹ̀ tiẹ̀ ló kán," ó ní. "Tèmi rèé."

Ó fa àwo ẹ̀bà rẹ̀ mọ́ra, ó ń jẹun lọ.